Ẹ Yé Fi Ọjọ́ Orí Ilé Wọn Iná Inú Rẹ̀

Èrò kan ti jókòó sí wa lọ́kàn ní Ọ̀wọ̀, láti Ìyéré dé Ìpele, títí dé Ifọ́n àti Ìdóànì lágbègbè Ọ̀sẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pààrọ̀ iná ilé rẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ilé àtijọ́ ni àbí tuntun?" Bí ó bá ní àtijọ́ ni, wọn yóò mi orí, wọn yóò ní kó tú gbogbo wáyà ibẹ̀ dànù kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ó bá ní tuntun ni, ọ̀rọ̀ ti parí: "Kí ló wá le níbẹ̀? Pa súìṣì, tú èyí tó wà lókè, so tuntun mọ́ ọn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ayálégbé àti ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé àkàbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Mo lòdì sí i pátápátá. Ọjọ́ orí ilé kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni irú wáyà tó wà lẹ́yìn gílóòbù rẹ̀, bí a sì ṣe gbà pé ó lè sọ ọ́ ni kò jẹ́ ká máa wo wáyà náà.

N kò sọ pé èrò náà ṣàdédé wáyé. Owó kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní ìlú wa: pàsééjì láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, pákó lájà. Nígbà tí iná ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn, láyé ECN tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1950 àti láyé NEPA tó gbapò rẹ̀ lọ́dún 1972, ara ògiri ni wọ́n gbé wáyà gbà. Wọ́n á kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á fi kílíìpù há wáyà mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ títí yóò fi dé òkè àjà. Nínú àwọn wáyà tó pẹ́ jù lára wọn, rọ́bà ni wọ́n fi bo bàbà, wọ́n sì fi òwú híhun bo rọ́bà. Rọ́bà a máa gbó. Bó pẹ́ títí, á gan, á sán, á sì máa bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbà á wà níhòòhò. Ẹni tó bá ti rí èyí rí kò ní gbàgbé. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ilé àtijọ́ ti wá, ìbẹ̀rù tó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, níwọ̀n ibi tó mọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gun àkàbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé iná nídìí mítà, kí ẹ tú láǹpù hódà kan wò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Pákó roboto kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ àjà. Síkúrù kékeré méjì wà, àti orí wáyà méjì tó gba ihò àárín pákó jáde. Ibi tó sún mọ́ gílóòbù ti dúdú, ó ti le gbagidi; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìbòrí rẹ̀ á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ fa wáyà kan náà jáde díẹ̀ sí i láti òkè àjà. Níbi tó ti jìnnà sí gílóòbù, ẹ lè bá a pé ó ṣì rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò sì tíì ṣá. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ ẹnìkan náà ló so ó. Ooru ló jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀. Gílóòbù 60 wọ́ọ̀tì tàbí 100 wọ́ọ̀tì ayé ìjọ́sí, ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ń jẹ dà, alaalẹ́ ló sì fi ń yan orí wáyà tó wà lókè rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó ba wáyà yẹn jẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí tipẹ́. Ọ̀pọ̀ iná àjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló ní ìkìlọ̀ lára pé kí ẹnikẹ́ni má so ó mọ́ wáyà tí ìbòrí rẹ̀ kò lè gba ooru tó 90°C, nítorí pé wáyà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú nǹkan bí ọdún 1985 kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wàyí o, wáyà tí a máa ń rà lọ́jà wa, tí a fi ń ṣe iná ilé, 70°C ni ìbòrí rẹ̀ sábà máa ń gbà. Ìyẹn ni wọ́n gbé sínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1985, òun náà ni wọ́n ń gbé sínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹnìkan bá wá gbé iná tó gbóná fòò sínú àjà ilé tuntun, jíjẹ́ tí ilé náà jẹ́ tuntun kò lè gba orí wáyà náà là.

Ẹ wá bọ́ sínú ilé tuntun ọ̀hún. Àwọn ilé tó ń hù lọ́nà Rufus Giwa Polytechnic ni mo ní lọ́kàn, họ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọ ilé-ìwé àti ilé ẹbí, èyí tí POP bo àjà rẹ̀ látòkè délẹ̀. Pálọ̀ kan ṣoṣo lè ní iná POP mẹ́wàá, chandelier kan láàárín, àti okùn iná LED tó yí etí àjà po. Mo dúró ti oníṣẹ́ iná kan nínú ọ̀kan báyìí, ilé tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń rùn. Iná POP kan ló kú. Ó fi ìka fà á wálẹ̀, sípíríǹgì méjì tó há a mọ́ àjà yọ, ó sì tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà mẹ́rin wà, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn ní méjì-méjì, téèpù dúdú yí ọ̀kan ká, èkejì wà níhòòhò. Kò sí àpótí tí wọ́n kó o sí, kò sí kọ́nẹ́tọ̀; orí POP ló sùn sí gbalaja. Ọ̀gbẹ́ni náà fi ọ̀bẹ ha orí wáyà kan. Àwọ̀ pupa bàbà ṣí, funfun sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù ni. Wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún lójú ni.

Kí ẹni tó ń fi ilé tuntun yangàn gbọ́ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àlùmíníọ̀mù kì í gbé iná tó bàbà. Bí wáyà méjèèjì bá nípọn bákan náà, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 60 nínú ìdá 100 ti bàbà. Wáyà tí wọ́n kọ 1.5 mm sí lára yóò máa gbóná níbi tí 1.5 mm gidi kò ti ní gbóná. Ó tún máa ń kán bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ìdípò rẹ̀ sì máa ń dẹ̀ bó bá ti ń gbóná tó ń tutù. Ibi tí ìdípò bá ti dẹ̀ ni iná ti ń ta pàrà, ibẹ̀ náà ni ilé ti ń jó. Àjọ SON tó ń ṣọ́ òdiwọ̀n ọjà ní òdiwọ̀n fún wáyà, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa bíi Cutix ní Nnewi àti Coleman ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì ń ṣe èyí tó dára, tí ayé gbà pé ó dára. Síbẹ̀ ayédèrú wà lórí igbá kan náà, ó sì dínwó. Ẹni tó bá gbé rólù rẹ̀ dání yóò mọ̀: ó fúyẹ́ jù, nítorí bàbà wúwo ju àlùmíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Mélòó nínú àwa tó ń kọ́lé ló gbé e dání wò? Kọ́ńtírátọ̀ ló rà á, POP ti bò ó, a ti gba kọ́kọ́rọ́.

Nínú ilé àtijọ́, ojú ni ẹ fi ń tọ wáyà láti súìṣì dé gílóòbù. Bí wọ́n bá ti so nǹkan kan mọ́ ọn láàárín ọ̀nà, ẹ ó rí i. Nínú ilé tuntun, inú ògiri àti òkè POP ló wà, kò sì sí onílé mẹ́ta nínú àdúgbò mi tó ní ìwé tó fi ọ̀nà tó gbà hàn. Ilé bàbá wa ní gílóòbù kan ní yàrá kan, bàbà gidi ló ń gbé e. Ẹ wá sọ fún mi èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ bà wá.

Ibi tí èrò yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù rèé, apá méjì ló sì gbà ń ṣe é. Onílé àtijọ́ gbọ́ pé àfi kó tú gbogbo wáyà dànù. Ó bèèrè iye rẹ̀, owó náà ju owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ, ó sì fi sílẹ̀. Nígbà tí gílóòbù bá kú, ó ń so tuntun mọ́ orí wáyà jíjóná kan náà, nítorí wọ́n ti jẹ́ kó gbà pé kò sí ohun kékeré kankan tó lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ohun kékeré wà. Bí oníṣẹ́ iná bá gbé megger wá, ẹ̀rọ tó ń fi 500 fóòtì dán ìbòrí wáyà wò, tí ó sì rí i pé wáyà òkè àjà ṣì dúró ju 1 megaohm lọ, ó lè gé orí tó jóná kúrò, kó fi wáyà tuntun gùn ún nínú àpótí pẹ̀lú kọ́nẹ́tọ̀, kó sì gbé gílóòbù LED 9 wọ́ọ̀tì síbẹ̀, èyí tó ń tàn tó 60 wọ́ọ̀tì àtijọ́ láìgbóná bíi rẹ̀. Wáyà náà yóò sinmi ju bó ti ṣe sinmi rí lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì ní ó ti bàjẹ́, nígbà náà ni kí ó tú u. Onílé tuntun ní tirẹ̀ gbọ́ pé kò sí wàhálà, kò sì dán ohunkóhun wò títí láé.

"Pa súìṣì" tí wọ́n ń sọ náà ńkọ́? Wáyà méjì ló ń lọ sídìí gílóòbù: èyí tó ń gbé iná bọ̀, àti nútírà tó ń gbé e padà. Ó yẹ kí súìṣì gé èyí tó ń gbé iná bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ti gbé súìṣì sórí nútírà, nítorí pé gílóòbù yóò tàn, yóò sì kú bákan náà, ọ̀gá kò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí súìṣì bá ti wà lórí nútírà, ẹ pa á tán, iná ṣì wà nínú hódà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ bọ̀. Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ń rí lóru tí a kò kà sí. Ẹ pa LED, ó ṣì ń tàn fírífírí nínú òkùnkùn. Gbogbo ènìyàn ní gílóòbù burúkú ni wọ́n rà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ súìṣì tó ní iná kékeré lára. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni bóyá nútírà ni súìṣì yẹn ń gé. Gílóòbù àtijọ́ kì í ṣe òfófó yìí rárá. LED ló tú àṣírí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, nínú ilé àtijọ́ àti nínú tuntun.

Gílóòbù tí à ń lò náà ti yí padà. Èyí tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa jẹ́ onípíìnnì, ẹ̀ ń tì í wọlé, ẹ̀ ń yí i díẹ̀. Píìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í gbé iná. Onísíkúrù ló kún ọjà báyìí, ara síkúrù rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí iná ń gbà. Bí wọ́n bá so wáyà ní òdìkejì, gbogbo etí hódà náà ló ní iná, ibẹ̀ sì gan-an ni ìka ń kàn bí a bá ń yí gílóòbù jáde. Àṣìṣe tí hódà onípíìnnì ń fara dà, onísíkúrù kò ní fara dà á. Ohun èlò tuntun ti jẹ́ kí àṣìṣe ìsopọ̀ léwu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí n mú ti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun wọ̀ ọ́, nítorí kò sí àdúgbò kan ní Ọ̀wọ̀ tí ẹrù wọn kì í dé. Ọmọ tó wà ní Houston ra chandelier ẹlẹ́wà, ó fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ṣí i, ó bá wáyà dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé. Lára ògiri ìyá náà, pupa àti dúdú ló wà. Ó so dúdú mọ́ dúdú, ó so funfun mọ́ pupa, iná tàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, wáyà dúdú ló ń gbé iná bọ̀, funfun ni nútírà. Ní ọ̀dọ̀ wa, pupa ló ń gbé iná bọ̀, dúdú ni nútírà. Gbogbo etí hódà chandelier yẹn ti ní iná. Bí ó bá jẹ́ London ló ti wá, búráùn àti búlúù ni àwọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ wáyà tuntun tó ń wọlé síhìn-ín. Àwọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin ló wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Kí oníṣẹ́ iná gbé tẹ́sítà sí i ló kù, kó mọ èyí tó ní iná kó tó so ohunkóhun. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ṣiṣẹ́ kò tíì ṣiṣẹ́.

Nǹkan mìíràn tí a ń gbára lé ni pé, "Wọ́n ti mú iná lọ." Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nítorí pé iná kì í dúró, a ti sọ ọ́ di àṣà pé ìgbà tí kò bá sí iná ni kí a máa ṣiṣẹ́ iná. A kì í gé ohunkóhun, a kàn máa ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ. Àwọn tó ń pín in, yálà NEPA àná tàbí BEDC tó ń pín in fún wa láti 2013, kì í kọ̀wé sí wa kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ọmọdé ní ìta yóò pariwo "Up NEPA!" nígbà tí ẹnìkan ṣì wà lórí àkàbà. Nínú ilé ojú-kojú tí ayálégbé pọ̀ sí, ewu náà tún le sí i, nítorí pé fésì mẹ́ta ló wà lórí òpó. Bí tiwọn bá kú, ẹnìkan nínú yàrá ẹ̀yìn yóò lọ yí fíúsì sí fésì mìíràn tó ní iná, kò sì mọ̀ pé aládùúgbò rẹ̀ ń so wáyà ní yàrá iwájú. Jẹnẹrétọ̀ tún wà, tí wọ́n ń tì bọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí chánjíófà. Láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n gógó, àwọn tó lówó ti gbé sólà àti ínfátà sílé. Ilé tó ní ínfátà kì í mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ. Gbogbo wáyà àjà rẹ̀ ló ń gbé 230 fóòtì nígbà tí gbogbo àdúgbò wà nínú òkùnkùn. Àwọn ilé tuntun ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ilé tí wọ́n ní kò séwu níbẹ̀.

"Fíúsì á jó." Mo gbọ́ ìyẹn náà. Fíúsì wà láti dáàbò bo wáyà, kò ṣe nǹkan kan fún ènìyàn. Fíúsì 5 áńpù yóò jẹ́ kí 5,000 milliampere kọjá láìjó. Milliampere 30 tó bá gba àyà ènìyàn kọjá ti tó láti da ọkàn rẹ̀ rú. Ìlọ́po tó ju 160 lọ nìyẹn. Bíréékà lásán kò yàtọ̀ sí fíúsì lórí èyí. Ohun tó ń gba ènìyàn là ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCD, èyí tó ń mọ̀ ọ́n bí iná bá ń yà sọ́nà ibi tí kò yẹ, tó sì ń gé e ní 30 milliampere kí ojú tó ṣẹ́. Mo ti wo inú àpótí bíréékà nínú ilé tí wọ́n ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lé lórí, tí wọn ò fi ẹyọ RCD kan síbẹ̀. Ní ti ilé àtijọ́, àṣà búburú kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí: fíúsì jó, wọ́n sì gé bàbà nínípọn tì í dípò èyí tẹ́ẹ́rẹ́. Kò ní jó mọ́ láé. Wáyà ara ògiri ni yóò máa jó dípò rẹ̀.

Chandelier onírin nílò wáyà ẹ́ẹ̀tì tó lọ sínú ilẹ̀, kí iná tó bá bọ́ sí ara irin lè rí ibi sá lọ dípò ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ojú iná ilé àtijọ́ kì í ní ẹ́ẹ̀tì. Ike àti pákó ni wọ́n gbé síbẹ̀ láyé ìgbà náà, nítorí náà kò dí wọn lọ́wọ́. Ojú iná ọ̀pọ̀ ilé tuntun náà kò ní i, nítorí wọ́n fẹ́ dín wáyà kù. Kí ẹnikẹ́ni má gbé irin sórí wáyà méjì, ì báà jẹ́ ilé bàbá tàbí ilé ọmọ.

Àwọn ilé àárín, ti nǹkan bí 1970 sí 1990, ní ewu tiwọn tí kò kan wáyà rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àjà asbestos, àwọn pátákó funfun tó le tí a rí ní ilé-ìwé àti ilé ìjọba. Bí ó bá wà jẹ́ẹ́, tí kò fọ́, kò ní ṣe nǹkan fún ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kí ilé wọn dà bíi tuntun ń lu ihò mẹ́jọ, ihò mẹ́wàá sí i fún iná POP, eruku rẹ̀ ń bo ilé, ọmọ iṣẹ́ ń mí i símú láìbo imú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé gbogbo irú asbestos ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Ẹ fi iná náà sí ojú ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ẹ rán gun àkàbà yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bèèrè kò wọ́n tó ohun tí èrò wọn ń bèèrè lọ́wọ́ onílé àtijọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti ń pààrọ̀ iná, àkàbà ti wà nílẹ̀, ojú iná ti ṣí, oníṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àyẹ̀wò dínwó jù lọ. Wọn yóò ní ìjọba ló ni iṣẹ́ náà, pé NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ló ń yẹ iná ilé wò kí wọ́n tó fa iná dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ilé gbà lọ́jọ́ náà, wáyà ọjọ́ náà ló ń jẹ́rìí sí. Kò mọ̀ nípa chandelier Houston, kò mọ̀ nípa ínfátà tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn yóò sì ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò kọ́ megger. Ọ̀pọ̀ kò kọ́ ọ ní tòótọ́, nítorí pé àwa tó ń san owó kò bi wọ́n léèrè rí. Iye tí wọn yóò gbà nìkan la máa ń bi wọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá pe ọ̀gá oníṣẹ́ iná lọ́la, ẹ má sọ fún un bóyá ilé àtijọ́ ni tàbí tuntun. Ẹ ní kó gé iná ní mítà, kó sì gé ti ínfátà pẹ̀lú. Ẹ ní kó fi tẹ́sítà hàn yín pé kò sí iná lójú ibẹ̀. Ẹ ní kó ha wáyà kí ẹ rí àwọ̀ inú rẹ̀, kó sọ èyí tí súìṣì ń gé, kó sì kó gbogbo ìdípò sínú àpótí kó tó dí àjà. Kí ó kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ìwé ilẹ̀ yín wà.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan fún àwọn olùkọ́ iná mànàmáná ní Rufus Giwa Polytechnic, àti fún ẹgbẹ́ àwọn onílé tó wà káàkiri àdúgbò wa. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ń sùn nínú àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì oníPOP tuntun tí mo ń wí. Ẹ kó wọn jáde pẹ̀lú ọ̀gá kan àti megger kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tí àwọn fúnra wọn ń gbé, kí wọ́n tú iná POP kan wálẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sí ara pátákó ìkéde níwájú ilé náà, kí ayálégbé tó ń bọ̀ lè kà á kó tó sanwó.